Gígáhẹ́ẹ̀tì Kọ́ Ni Yóò Pa Ohùn Àwọn Baba Wa Mọ́

Nígbàkúùgbà tí ẹgbẹ́ kan láàárín wa, ìbáà jẹ́ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, bá dá owó jọ láti ra kọ̀ǹpútà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó máa ń ti ẹnu ìjókòó jáde: "Gígáhẹ́ẹ̀tì mélòó ni ó ní?" Bí ẹni tí ń tà á bá dáhùn pé mẹ́rin ó lé, inú gbogbo wọn a dùn, wọn a ka owó fún un, wọn a sì gbé ẹ̀rọ náà lọ sí yàrá tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù tí kò ní àjà. Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé ìbéèrè náà kò tọ̀nà, pé ìdáhùn rẹ̀ ń tàn wá jẹ, àti pé ohun tí ẹ̀tàn náà ń gbà lọ́wọ́ wa ju owó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní oṣù kẹta ọdún kan, a ń da ohùn ìyá àgbà kan láti inú kásẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà. Ìyá náà ti di ẹni ilẹ̀ nígbà náà. Oríkì ìdílé tí ó kì sínú kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún kò sí lẹ́nu ẹlòmíràn mọ́. Ẹ̀rọ tí a lò jẹ́ èyí tí gbogbo wa ti fi ìyára rẹ̀ yangàn. Nígbà tí ó di aago méjì ọ̀sán, abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í han kíkankíkan. Kò pẹ́, ojú rẹ̀ ṣú, ó sì kú. Apá kan ohun tí ó ti gbà ṣì wà nínú ìrántí tí kì í pa nǹkan mọ́ bí iná bá ti lọ, ìyókù kò tíì wọ dísìkì dáadáa, fáìlì náà kò sì ṣí mọ́. A dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Téèpù rẹ̀ tí ó ti gbó já. Àwọn kan ní fáírọ́ọ̀sì ni, àwọn kan tilẹ̀ ní ìyá náà ni kò fẹ́ kí a gba ohùn òun. Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ooru ni.

Kí ni gígáhẹ́ẹ̀tì tí a ń fi yangàn yìí? Ẹ wo alágbẹ̀dẹ. Iye ìgbà tí òòlù rẹ̀ ń bọ́ lórí irin ni a lè fi wé e. Gígáhẹ́ẹ̀tì kan túmọ̀ sí pé prósẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tí ń ṣe ìṣirò nínú kọ̀ǹpútà, ń lu òòlù tirẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìwọ̀n tòótọ́ ni. N kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń ra ọkọ́ nípa kíka iye ìgbà tí òòlù bọ́? Alágbẹ̀dẹ kan lè lu irin ní ogún ìgbà kí ọkọ́ rẹ̀ má tíì gún, kí ẹlòmíràn sì lù ú ní ìgbà mẹ́wàá kí iṣẹ́ ti parí. Iṣẹ́ tí ìlù kọ̀ọ̀kan ń ṣe ṣe pàtàkì bí iye ìlù náà.

Ilé-iṣẹ́ Intel kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lójú gbogbo ayé. Ní ọdún 2004, Pentium 4 rẹ̀ dé 3,8 gígáhẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti ń pète èyí tí yóò dé 4. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n fagi lé ètò ọ̀hún. Èyí tí ó dé 3,8 yẹn ti nílò ètò ìtutù tí ó lè gbé ooru 115 wáàtì kúrò lára rẹ̀. Ní ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ kan náà mú Core 2 Duo jáde. Èyí tí ìyára rẹ̀ kò ju 2,4 gígáhẹ́ẹ̀tì lọ nínú wọn fi Pentium 4 sẹ́yìn nínú iṣẹ́, nígbà tí ìwọ̀n ooru tirẹ̀ jẹ́ 65 wáàtì péré. Ẹni tí ó bá ka páálí nìkan ní ọdún náà yóò ra èyí tí ó burú jù, yóò sì rò pé òun gbọ́n. Láti ìgbà náà wá, ọdún ti gorí ọdún. Síbẹ̀ ìbéèrè wa kò yí padà.

Ẹ̀tàn náà tilẹ̀ ti gbọ́n ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ mú àpẹẹrẹ kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù tí ń ti Yúróòpù wọ Kútọnu: prósẹ́sọ̀ Core i7-8565U tí Intel gbé jáde ní ọdún 2018. Ẹni tí ń tà á yóò pariwo 4,6 gígáhẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni pé ó lè dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìyára ìpìlẹ̀ tí ẹni tí ó ṣe é kọ sílẹ̀ fún un, nígbà tí ooru rẹ̀ bá wà ní 15 wáàtì tí wọ́n pète, jẹ́ 1,8. Eré àsápajúdé ni 4,6 náà. Bí ooru bá ti rọgba yí i ká, yóò padà sí ìrìn. Bí ẹlẹ́ṣin bá fẹ́ ta ẹṣin rẹ̀ fún wa, tí ó sì ní ó lè sáré dé odò láìmí, ṣé a kò ní béèrè bí yóò ti ṣe nígbà tí ó bá gbé ẹrù, nínú oòrùn, láti òwúrọ̀ di alẹ́?

Kí ló dé tí ìyára àti ooru fi so mọ́ra bẹ́ẹ̀? Bí a ti ṣe ebòlò tó, kò ní ṣàì rùn ìgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni prósẹ́sọ̀ kò lè ṣiṣẹ́ kí ó má gbóná. Gbogbo iná mànàmáná tí ó bá jẹ ni yóò di ooru. Ìwọ̀n iná tí ó sì ń jẹ ń tẹ̀lé ìyára òòlù rẹ̀, ó tún ń tẹ̀lé fólítì tí a fi ń bọ́ ọ, tí a fi fólítì náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Bí a bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún ìyára, tí a sì ní láti fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún fólítì kí ẹ̀rọ má baà ṣìṣe, ooru rẹ̀ yóò fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta pọ̀ sí i. Èrè kékeré, gbèsè ńlá. Ní ọdún 1974, Robert Dennard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ IBM ti ṣàlàyé pé bí àwọn tíránsísítọ̀ bá ti ń kéré sí i, fólítì wọn lè máa dínkù pẹ̀lú, kí ooru má pọ̀ jù lórí ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ wọn sí. Àǹfààní yẹn ni ayé jẹ fún bí ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 2005, fólítì kò lè lọ sílẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dẹ́kun fífi òòlù sáré, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi alágbẹ̀dẹ méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ sínú àgbẹ̀dẹ kan.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gbé ẹ̀rọ náà wọ ilé tiwa. Ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀ Intel ni a ti pàṣẹ fún láti inú wá pé bí ooru wọn bá dé nǹkan bí 100°C, kí wọ́n dín ìyára wọn kù. Bí èyí kò bá tó, wọn yóò pa ara wọn kí wọ́n má baà jóná. Ó ti tó bẹ́ẹ̀, a ó wí. Rárá. Ooru prósẹ́sọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Orí ooru yàrá ni ó ń gùn. Ká sọ pé iṣẹ́ kan máa ń mú kí ẹ̀rọ kan fi dígírì 65 gbóná ju afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lọ. Nínú yàrá kan ní Paris tí ó wà ní 20°C, prósẹ́sọ̀ náà yóò wà ní 85°C, yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ ní ìrọ̀rùn. Nínú yàrá tí páànù ti sọ di 38°C ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní oṣù kẹta, ìṣirò yóò fún wa ní 103°C. Kò ní dé ibẹ̀. Kí ó tó dé ibẹ̀ ni yóò ti fa ọwọ́ òòlù sẹ́yìn. Ẹ̀rọ kan náà, owó kan náà, páálí kan náà, ṣùgbọ́n ìyára tí a san owó fún kò tẹ̀lé e rékọjá òkun. Apple kọ ọ́ fún àwọn tí ń ra kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ pé kí wọ́n máa lò ó níbi tí ooru afẹ́fẹ́ bá wà láàárín 10°C àti 35°C. Mélòó nínú àwọn yàrá ẹgbẹ́ wa ni ó wà nísàlẹ̀ 35°C ní ọ̀sán oṣù kẹta?

N kò fẹ́ kí a ti orí èyí bọ́ sínú ìbẹ̀rù òmùgọ̀. Mo ti rí ẹni tí ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ nítorí pé ó ka 60°C lójú rẹ̀, tí ó ní ibà ń ṣe é. Ara ènìyàn ni ó ń wà ní 37. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ènìyàn. Bí prósẹ́sọ̀ bá wà láàárín 60°C àti 80°C nínú iṣẹ́ tí ó pẹ́, kí ọkàn ẹni tí ń lò ó balẹ̀. Bí ó bá ń wà láàárín 80°C àti 90°C nígbà gbogbo, kí a yẹ eruku inú rẹ̀ wò. Bí ó bá ń lù 95°C lemọ́lemọ́, kí a dá iṣẹ́ dúró, kí a wá ìdí rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a tilẹ̀ bẹ̀rù fún jù ni dísìkì tí ń yí, nítorí inú rẹ̀ ni ohùn wà. Ọ̀pọ̀ irú dísìkì bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ṣe wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ooru wọn má kọjá 60°C, inú àpótí kan náà ni wọ́n sì ń bá prósẹ́sọ̀ tí ń hó gbé.

Mo wá dé orí ìrántí, èyí tí àwọn ojú ewé Faransé ìwé ìròyìn wa yóò pè ní *mémoire vive*. Ìrántí yìí kì í ṣe ibi ìpamọ́. Nínú àgbẹ̀dẹ wa, òun ni ilẹ̀ tí ó yí alágbẹ̀dẹ ká, níbi tí ó tẹ́ irin àti ẹ̀mú sí kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó wọn. Dísìkì ni àká tí ó wà lóko. Bí ilẹ̀ àgbẹ̀dẹ bá há, alágbẹ̀dẹ yóò máa dìde ní gbogbo ìgbà láti lọ mú irin lóko. Ẹ jẹ́ kí a fi iye sí i. Láti mú nǹkan kan nínú ìrántí, prósẹ́sọ̀ ń dúró fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún nánósẹ́kọ́ńdì, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Láti mú un nínú dísìkì tí ń yí, yóò dúró fún nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Àkọ́kọ́ yá ju èkejì lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Bí a bá na àkókò náà kí ojú wa lè rí i, tí nínawọ́ mú irin nílẹ̀ gba ìṣẹ́jú-àáyá kan, lílọ sóko àti bíbọ̀ yóò gbà ju ọjọ́ kan lọ. Kí ni alágbẹ̀dẹ tí òòlù rẹ̀ yá yóò wá fi ìyára rẹ̀ ṣe, bí ó bá ń lo ọjọ́ kan lójú ọ̀nà kí ó tó lu irin lẹ́ẹ̀kan? Ìyẹn ni ipò tí kọ̀ǹpútà tí ó ní gígáhẹ́ẹ̀tì mẹ́rin àti ìrántí gígábáìtì méjì máa ń wà. Bí ìrántí bá kún, òòlù a dúró.

Nínú ìrántí pàápàá, iye orí páálí tún ń tàn wá. Wọ́n á ní DDR4-3200 yá ju DDR3-1600 lọ ní ìlọ́po méjì. Òótọ́ ni pé ẹrù tí ó lè gbé kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan jẹ́ ìlọ́po méjì: gígábáìtì 25,6 dípò 12,8 lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo àkókò tí a fi ń dúró kí ẹrù àkọ́kọ́ tó dé. DDR3-1600 tí ń dúró fún ìlù 11 ń lo 13,75 nánósẹ́kọ́ńdì. DDR4-3200 tí ń dúró fún ìlù 22 ń lo 13,75 kan náà. Ọ̀nà gbòòrò sí i, ṣùgbọ́n ìdúró kò kúrú. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí ó bá ní owó díẹ̀, kí ó ra ìrántí tí ó tóbi kí ó tó ra èyí tí ó yá.

Ooru kò sì dá ìrántí náà sí. Robert Dennard kan náà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni ó gba ìwé-ẹ̀rí ìhùmọ̀ irú ìrántí yìí ní ọdún 1968. Iná mànàmáná kékeré ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró, iná náà sì ń jò bí omi inú ìkòkò tí ó sán. Ẹ̀rọ ní láti máa bu omi kún gbogbo ìkòkò náà láàárín ìdá 64 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ooru ìrántí bá kọjá 85°C, jíjò náà ń yára débi pé a gbọ́dọ̀ bu omi kún un ní ìlọ́po méjì, láàárín ìdá 32. Bí iná bá lọ, kò sí ẹni tí yóò bu omi, ohun gbogbo a sì gbẹ. Kí ẹni tí ń gba ohùn àgbà rántí èyí, kí ó máa fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sí dísìkì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá.

Mo ti gbọ́ àwọn tí yóò takò mí. Àwọn kan yóò ní ẹgbẹ́ ńlá ni a jẹ́, ẹ̀rọ ńlá ni ó yẹ wá. Mo bi wọ́n: iṣẹ́ wo ni a fẹ́ fi ṣe? Wákàtí kan ohùn tí a gbà dáadáa, lójú ọ̀nà méjì, kò ju nǹkan bí gígábáìtì kan lọ. Alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ kan, láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kò lè ju gígábáìtì 12 lọ. Iṣẹ́ yìí kò béèrè òòlù tí ń fò. Ó béèrè ìrántí tí ó fẹjú, dísìkì tí kò ní dalẹ̀, àti ẹ̀rọ tí kò ní kú ní aago méjì ọ̀sán. Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde ogún ẹnu Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn àgbà iṣẹ́ ogún gbogbo aráyé. Kò sí ìkéde tí yóò dá ohùn padà bí dísìkì tí ó wà nínú rẹ̀ bá jóná.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a ra ẹ̀rọ amúlétutù kí ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tí ó bá lè san owó iná rẹ̀, kí ó rà á. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ǹjẹ́ a ti fi àjà sí abẹ́ páànù? Ǹjẹ́ a ti gbé kọ̀ǹpútà kúrò lójú fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé? Ǹjẹ́ a ti yé gbé e lé orí aṣọ tí ń dí ihò tí ó fi ń mí? Ǹjẹ́ a ń ṣí i gbá eruku inú rẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá kásẹ̀ nílẹ̀? Ǹjẹ́ a ti pààrọ̀ ọ̀rá tí ó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti irin tí ń gba ooru rẹ̀, èyí tí ó ti gbẹ láti ọdún tí wọ́n ti ń lò ó ní Yúróòpù? Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wọ́n tó ìdajì ẹ̀rọ amúlétutù. Òwúrọ̀ sì wà, ọ̀fẹ́ sì ni ìtura rẹ̀. Kí a máa ṣe iṣẹ́ tí ó wúwo ní aago méje, kí a fi ti ọ̀sán sílẹ̀ fún ìwé kíkọ.

Àwọn tí ó dùn mí jù ni àwọn tí ń wí pé ọ̀rọ̀ Faransé ni èyí, pé Yorùbá kò lè rù ú. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sí apá yìí nínú ìwé ìròyìn wa. Àwọn baba wa fi èdè yìí sọ bí irin ti ń pọ́n, bí ẹwìrì ti ń fẹ́, àti ìgbà tí ó yẹ kí a dá òòlù dúró kí irin má baà bàjẹ́. Ẹni tí kò bá lè bi ọlọ́jà léèrè ọ̀rọ̀ ní èdè tí ó yé e ni ọlọ́jà yóò máa rẹ́ jẹ. Àìbéèrè ni ó ń mú kí a san owó 4,6 kí a sì gbé 1,8 lọ sílé.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ wa kò ṣòro. Kí iye gígáhẹ́ẹ̀tì di ìbéèrè ìkẹyìn. Kí ìrántí gígábáìtì 8, ó kéré tán, jẹ́ ìbéèrè àkọ́kọ́. Kí a ra dísìkì ìta méjì, kí a sì fi wọ́n sí ilé méjì tí kò sún mọ́ra. Kí a ra bátìrì tí yóò gbé ẹ̀rọ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bí iná bá lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì sanwó fún kọ̀ǹpútà àlòkù kí ó tó rí i kí ó ṣiṣẹ́ kára fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ní ọ̀sán gangan, kí a sì ka ooru rẹ̀ lójú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Bí ẹni tí ń tà á bá kọ̀, ó ti dá wa lóhùn.

Ohun tí a bá ní là ń náání. Kásẹ́ẹ̀tì ń gbó nínú àpótí, àwọn àgbà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹ̀rọ tí yóò tún ohùn wọn dá. Ẹ jẹ́ kí a ra èyí tí yóò ṣì jí nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀.